Ṣílè Mẹ́fà Tí Ó Pín Rọ́gíbì sí Méjì: Àlàyé Lórí Iṣẹ́ Eléré Rọ́gíbì Líìgì

Bí ènìyàn bá dárúkọ rọ́gíbì láàárín wa, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ni àwọn ọkùnrin sígbọnlẹ̀ tí wọ́n di bọ́ọ̀lù tí ó rí bí ẹyin mọ́ àyà, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí àgbò. Àwòrán náà kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n ó fi ohun pàtàkì kan pamọ́: eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Rọ́gíbì yúníọ̀nù ni Maro Itoje, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ń gbá fún ilẹ̀ England. Rọ́gíbì líìgì, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, jẹ́ eré mìíràn tí ó ní òfin tirẹ̀, àjọ tirẹ̀, ife-ẹ̀yẹ tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn eléré ń gbà jẹun. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ka ìtàn ìgbésí ayé eléré kan, kí ó rí i pé wọ́n lé e kúrò nínú rọ́gíbì nítorí pé ó lọ gbá rọ́gíbì, ọ̀rọ̀ náà á sì dà bí àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀.

Ó ní ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń rú ènìyàn lójú nínú iṣẹ́ yìí, láti orí iye owó tí wọ́n ń gbà títí dé ìdí tí àwọn kan fi ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, ni ó ti inú ìjà kan ṣoṣo jáde: ta ni yóò san owó ọjọ́ iṣẹ́ tí eléré pàdánù nítorí eré? Bí ìjà náà bá ti yé wa, ìyókù á máa tẹ̀ lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ ni Martin Offiah, tí àwọn òbí tí ó wá láti Nàìjíríà bí sí Hackney ní London, nítorí pé kò sí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yìí tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò kọjá nínú rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, rọ́gíbì kan ṣoṣo ni ó wà ní England, òfin tí àwọn alákòóso rẹ̀ sì dì mú jù lọ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó nítorí eré. Òfin yìí kò ni àwọn ọmọ olówó ìhà gúúsù lára rárá, nítorí pé ohun tí wọn yóò jẹ ti wà nílé kí wọ́n tó wọ pápá. Ní ìhà àríwá, ní Yorkshire àti Lancashire, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ pọ̀ gan-an nínú àwọn eléré ibẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bí ẹgbẹ́ wọn bá ní ìdíje ní ìlú tí ó jìnnà, awakùsà náà á pàdánù owó ọjọ́ náà, aya àti ọmọ rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n lára kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa dá owó yẹn padà fún un. Ní ọdún 1893, àjọ tí ó ń darí eré náà dìbò, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní George, ní ìlú Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí eléré máa gbà fún ọjọ́ iṣẹ́ tí ó pàdánù kò ju ṣílè mẹ́fà lọ.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ṣílè mẹ́fà yìí. Àwọn tí ó yapa kò tilẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ènìyàn máa fi eré ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju pé kí eré má ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ awakùsà. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ gbà ní ọdún 1898 pé kí eléré máa gba owó eré gan-an, wọ́n fi òfin kún un pé ó gbọdọ̀ ní iṣẹ́ gidi mìíràn lọ́wọ́, bí ó bá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò ní láǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù. Ọdún 1905 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Nígbà tí a bá dé orí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ lónìí, kí a rántí pé àṣà àtijọ́ ni.

Láti ìgbà náà ni eré méjèèjì ti ń jìnnà sí ara wọn. Àwọn ará àríwá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń wo eré, nítorí náà wọ́n fẹ́ eré tí yóò máa sáré, tí ojú yóò sì máa rí bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1906 wọ́n dín iye eléré kù láti 15 sí 13, wọ́n sì mú ọ̀nà tuntun wá láti máa tún eré bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbé ẹnì kan ṣubú. Ní Australia náà, ní Sydney, ìyapa irú rẹ̀ wáyé láàárín ọdún 1907 sí 1908, owó ìtọ́jú àwọn eléré tí ó fara pa sì wà lára ohun tí ó dá a sílẹ̀. Àwọn alákòóso yúníọ̀nù kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà: ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kan inú líìgì, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá, kò ní gbá yúníọ̀nù mọ́ títí ayé. Òfin yìí wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, ó sì ba ọ̀rẹ́ àti ìdílé jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Eré líìgì fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti wo ìjàkadì rí. Eléré 13 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lórí pápá, ìṣẹ́jú 80 sì ni wọ́n ń gbá a. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbìyànjú láti gbé e kọjá ìlà tí ó wà lẹ́yìn àwọn alátakò, kí wọ́n sì fi kan ilẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní tráì, àmì-ayò mẹ́rin ni. Bí wọ́n bá tún fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá láàárín òpó méjèèjì lókè igi tí ó dábùú, méjì kún un. Ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni ó gbọdọ̀ jù ú sí. Ìgbà mẹ́fà péré ni wọ́n lè gbé àwọn tí ó ní bọ́ọ̀lù ṣubú, lẹ́yìn èyí bọ́ọ̀lù di ti alátakò, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń rí i tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà tàbí sókè lẹ́yìn ìkarùn-ún.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣubú kan àti èkejì ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ eré yìí tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Ọkùnrin mẹ́ta dì mọ́ ẹnì kan, ọ̀kan ní ẹsẹ̀, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní àyà níbi tí bọ́ọ̀lù wà, wọ́n sì ń fẹ́ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kí ó má baà tètè dìde. Rẹfirí pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó kọjú sí àwọn alátakò, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì gbé e. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yìí, àwọn alátakò ti ní láti fi ẹ̀yìn rìn ní mítà mẹ́wàá, kí wọ́n sì tún sáré síwájú láti lọ kọlu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá wà láàárín ọ̀gbàrá yìí lè gbé ènìyàn ṣubú ní ìgbà 30 tàbí 40 nínú eré kan, yàtọ̀ sí iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì gbé e ṣubú. Kò sí ibi tí ara lè fara pamọ́ sí.

Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn aṣọ ni ó ń sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n gba ènìyàn fún. Nọ́ńbà 1 ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, 2 àti 5 ni wíńgà tí ẹsẹ̀ wọn yá, 6 àti 7 ni ọpọlọ ẹgbẹ́ tí ń pín bọ́ọ̀lù, láti 8 dé 13 sì ni àwọn alágbára tí ń já ọ̀nà láàárín. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti máa ń fún eléré ní nọ́ńbà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí yóò máa lò títí sáà fi parí, nítorí náà o lè rí nọ́ńbà 24 ní ipò wíńgà. Kí ìyẹn má ṣe dà ọ́ láàmú.

Wíńgà ni Offiah. Ó ń gbá yúníọ̀nù fún ẹgbẹ́ Rosslyn Park ní London, láìgba kọ́bọ̀, nígbà tí Doug Laughton, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Widnes, mú un wá sí líìgì ní ọdún 1987. Ìlú ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ni Widnes, ní etí odò Mersey, ìlú kékeré tí ó jẹ́ pé rọ́gíbì líìgì ni ìgbéraga rẹ̀. Bí Offiah ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn báyìí, ilẹ̀kùn yúníọ̀nù tì lẹ́yìn rẹ̀. Kí a rò ó wò: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún, tí kò dàgbà nínú eré náà, fi London sílẹ̀ lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, ó sì mọ̀ pé bí kò bá yege, kò sí ibi tí òun yóò padà sí. Ó yege. Láàárín ọdún mẹ́rin àti díẹ̀, ó jẹ tráì tí ó ju 180 lọ fún Widnes.

Ní oṣù kìíní ọdún 1992, ẹgbẹ́ Wigan san £440,000 láti rà á. Kò sí ẹgbẹ́ rọ́gíbì líìgì kankan tí ó ti san iye bẹ́ẹ̀ rí lórí eléré kan, ọdún 2006 ni ẹlòmíràn sì tó kọjá rẹ̀, nígbà tí Wigan yìí kan náà ra Stuart Fielden ní £450,000. Ẹ jẹ́ kí a tún un kà: láàárín ọdún mẹ́rìnlá, £10,000 péré ni ó lé orí owó náà, nígbà tí iye tí wọ́n ń ta agbábọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti lọ sókè ju ibi tí ojú lè tó lọ. Ẹni tí ó bá ń fi ojú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wo owó líìgì yóò máa ṣe àṣìṣe ní gbogbo ìgbà. Eré yìí ní ìfẹ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìlú náà kò pọ̀, wọn kò sì tóbi.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, Offiah jẹ tráì mẹ́wàá nínú eré kan ṣoṣo tí Wigan fi na Leeds ní 74 sí 6. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbé orúkọ rẹ̀ dúró títí di òní ni ti Wembley, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1994, nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup. Leeds tún ni wọ́n kojú. Itòsí ìlà ẹ̀yìn tiwọn ni bọ́ọ̀lù ti kan ọwọ́ rẹ̀. Àlàfo kékeré kan ṣí láàárín àwọn alátakò, ó gba inú rẹ̀ yọ, gbogbo pápá sì wà níwájú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù lẹ́yìn, Alan Tait, nọ́ńbà 1 Leeds, ẹni tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà rí ní Widnes. Tait ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ láti tì í sí ìta, Offiah gba ọ̀nà ìta náà gan-an, ó fi eré gé e, ó fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lójú bí ẹni tí kò gba ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbọ́. Wigan borí ní 26 sí 16.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ nípa eré sísá yẹn ni pé àwọn ọkùnrin méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nínú yúníọ̀nù. Tait ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Scotland kí òun náà tó lọ sí Widnes ní ọdún 1988 láti lọ máa gba owó. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lé ara wọn ní Wembley, kò sí ẹgbẹ́ yúníọ̀nù kankan, kódà ti abúlé, tí ó lè gbà wọ́n láìrú òfin.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni odi náà wó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, yúníọ̀nù kéde pé àwọn eléré òun lè máa gba owó ní gbangba. Ọgọ́rùn-ún ọdún pé láti ìgbà ìpàdé Huddersfield, ó ku ọjọ́ díẹ̀. Mo gbà pé àwọn tí ó ya kúrò ní 1895 ni ìtàn dá láre, ó sì dùn mí pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó wà láyé láti gbọ́ ọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, Wigan àti Bath, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú yúníọ̀nù nígbà náà, gbá eré méjì láti dán ara wọn wò. Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wíńgà Bath ní ìgbà yẹn. Lábẹ́ òfin líìgì, ní pápá Maine Road ní Manchester, Wigan borí ní 82 sí 6, Offiah sì jẹ tráì mẹ́fà. Lábẹ́ òfin yúníọ̀nù, ní Twickenham, Bath borí ní 44 sí 19. Ẹni tí ó bá ṣì ń rò pé eré kan náà ni wọ́n, kí ó wo àmì-ayò méjèèjì yẹn.

Láti ìgbà náà ni lílọ bíbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Offiah lọ sí London Broncos ní líìgì, ó tún gbá yúníọ̀nù fún Bedford ní àkókò kan náà, ó lọ sí Salford, ó sì parí rẹ̀ sí Wasps tí í ṣe ẹgbẹ́ yúníọ̀nù. Tait padà sí yúníọ̀nù, ó sì tún wọ aṣọ Scotland. Jason Robinson, tí ó ti jẹ́ wíńgà Wigan fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọdá ní ọdún 2000, òun ni ó sì jẹ tráì tí England jẹ nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àgbáyé yúníọ̀nù ní 2003. Sam Burgess lọ sí Bath lẹ́yìn tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ ní Australia pẹ̀lú South Sydney ní 2014, ọdún kan péré ni ó lò kí ó tó padà sí líìgì. Nítorí náà, bí o bá ka ìròyìn lónìí pé eléré kan fi rọ́gíbì kan sílẹ̀ fún èkejì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ owó, ara àti ìfẹ́ ọkàn ni.

Ọdún 1996 yìí kan náà ni iṣẹ́ eléré líìgì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà pátápátá. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán san £87 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún, wọ́n dá ìdíje Super League sílẹ̀, wọ́n sì gbé sáà eré láti ìgbà òtútù sí ìgbà ooru. Ṣáájú èyí, Wigan nìkan ni ó ti ń fi gbogbo àwọn eléré rẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ gidi fún ọdún púpọ̀, ó sì hàn nínú èrè rẹ̀, nítorí ìgbà mẹ́jọ léraléra ni ó gba Challenge Cup láti 1988 sí 1995. Àwọn tí Wigan ń nà máa ń ti ibi iṣẹ́ bíríkìlà àti awakọ̀ wá kojú wọn.

Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọlé lónìí kò jọ ti Offiah. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹ́ àdúgbò láti kékeré, ní àwọn ìlú bíi Wigan, St Helens, Leeds, Castleford àti Hull. Bí ọmọ náà bá tó ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn olùṣọ́ ẹgbẹ́ ńlá á mú un, á máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ó ṣì ń lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn díẹ̀ nínú wọn á wọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ náà. Níbẹ̀ ni ìyàngbò ti ń ya kúrò lára ọkà, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn tí ó wọlé ni yóò rí ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ àgbà gbà. Àwọn tí ó bá rí i gbà pàápàá sábà máa ń lọ lo sáà kan tàbí méjì ní ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n yá wọn fún, kí egungun wọn lè gbó.

Ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọdé bá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà kan tí kì í ṣe ti ẹ̀yìn aṣọ. Nọ́ńbà náà ń sọ ẹni kẹlòó tí ó jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní kan ẹlòmíràn láéláé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ó lò lórí pápá. Nínú gbogbo àṣà eré yìí, èyí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé ó dà bí orúkọ tí a kà mọ́ ti ìdílé nínú oríkì: ẹni tí ó wá ṣáájú rẹ wà lókè rẹ, ẹni tí ń bọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ, o sì ti di ara wọn.

Nípa owó, ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé òfin wà tí ó dí ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ Super League lè ná lórí owó oṣù àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún kan jẹ́ nǹkan bí £2.1 mílíọ̀nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà wọ́n láyè láti ní àwọn ìràwọ̀ díẹ̀ tí wọn kì í ka gbogbo owó wọn mọ́ ọn. Bí a bá pín iye yẹn dọ́gba fún eléré 30, £70,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í pín in dọ́gba: ìràwọ̀ á gba ìlọ́po rẹ̀, ọ̀dọ́ á gba ìwọ̀nba. Owó gidi ni lójú òṣìṣẹ́ lásán. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá Premier League tí owó tí ẹnì kan ń gbà láàárín oṣù méjì tó láti san owó gbogbo ẹgbẹ́ rọ́gíbì líìgì fún ọdún kan. Ní Australia, owó tí àwọn ẹgbẹ́ lè ná jẹ́ ìlọ́po ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ England tí ó dára jù fi ń kó lọ sí Sydney àti Brisbane ní kété tí wọ́n bá gbó.

Ní ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ Super League, ọ̀pọ̀ eléré ni kò lè fi eré nìkan jẹun. Wọ́n á lọ sí ibi iṣẹ́ ní àárọ̀, wọ́n á lọ sí pápá ìgbáradì ní ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n á gbá eré ní Sunday, wọ́n á sì tún wọ bàtà iṣẹ́ ní òwúrọ̀ Monday pẹ̀lú ìka ọwọ́ tí ó wú. Nígbà tí a bá sọ pé ènìyàn jẹ́ eléré tí ó ń gba owó, a gbọdọ̀ bèèrè ìpele tí ó wà, nítorí orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba.

Ara ni owó tí eléré fi ń ra gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé ọdún 35. Eékún, èjìká àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù jù lónìí ni ti orí. Bí ẹnì kan bá fi orí gbá nǹkan nísinsìnyí, dókítà á mú un jáde, á bi í ní ìbéèrè, á wò ó bí ó ṣe ń dúró, bí kò bá sì yege, kò gbọdọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú á fọ ojú, á padà sínú eré, wọ́n á sì yìn ín pé akọni ni. Àwọn eléré àná kan tí ọpọlọ wọn ti ń ní ìṣòro ti gbé àjọ tí ń darí eré náà lọ sí ilé ẹjọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè awakùsà ọdún 1895 ni wọ́n tún ń bèèrè: ta ni yóò dí àdánù mi?

Àwọn ọ̀nà kan wà tí eré náà fi ń gbìyànjú láti dá a lóhùn. Eléré tí ó bá lo ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan lè gba àyè fún ọdún ìdúpẹ́, nínú èyí tí àwọn olólùfẹ́ á ṣe eré àti àpèjẹ tí owó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ sì wà fún àwọn tí ó fara pa gidigidi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi bí àwọn ará eré yìí ṣe ń gbé ara wọn hàn tó Rob Burrow, ọkùnrin tí kò ga ju mítà 1.65 lọ, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Leeds láti 2001 sí 2017 láàárín àwọn òmìrán, tí ó sì gba ife Super League ní ìgbà mẹ́jọ. Ní ìparí ọdún 2019, àwọn dókítà sọ fún un pé àrùn tí ń pa iṣan ara ti mú un. Kevin Sinfield, balógun ẹgbẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, sá eré ọ̀nà jíjìn méje ní ọjọ́ méje ní oṣù kejìlá ọdún 2020 láti wá owó fún ìwádìí àrùn náà. Nínú eré ọ̀nà jíjìn ti Leeds ní 2023, ó ti Burrow lórí kẹ̀kẹ́ ní gbogbo ọ̀nà, nígbà tí wọ́n dé ìlà ìparí, ó gbé e sọ́wọ́ rékọjá. Burrow kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2024.

Fún àwa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Òfin líìgì gba eléré láyè láti ṣojú orílẹ̀-èdè tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ ti wá, nítorí náà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London lè gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ade Adebisi, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún London Skolars, wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn gbin eré náà sí Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yí. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú ọmọ tí ó ní àrùn yẹn rí yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé ènìyàn ṣubú nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Èkó, Nàìjíríà sì ni ó gba ife náà.

Ní ti Offiah, ère rẹ̀ wà níwájú pápá Wembley láti ọdún 2015, pẹ̀lú Billy Boston, Alex Murphy, Eric Ashton àti Gus Risman. Tráì 501 ni ó jẹ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀, Tyler, jẹ́ wíńgà bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n yúníọ̀nù ni ó ń gbá, ẹgbẹ́ tí ó sì ń san owó oṣù fún un ni Bath, àwọn tí bàbá rẹ̀ jẹ tráì mẹ́fà mọ́ lọ́wọ́ ní Maine Road.